Bí Inú Bá Ṣàdédé Lọ́ Yín Lójú Ọ̀nà: Ohun Tí Mo Fi Ń Rin Ìrìnàjò

Ìbàfò ni ó ká mi mọ́. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ti mú wa láti Kara. Bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni méjìdínlógún ni, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, obìnrin méjì tó gbọ́mọ lẹ́sẹ̀ ló sì jókòó sáàárín èmi àti ilẹ̀kùn. Inú mi kọ́kọ́ kùn rùrù. Lẹ́yìn náà ni ó wá lọ́ bí ìgbà tí alágbàfọ̀ bá ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Òógùn tútù bò mí, ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí. Mo dákẹ́. Ojú ń tì mí láti pe dírẹ́bà. Mo dákẹ́ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mòwé, nígbà tí mo sì lanu, ó ti pẹ́ jù. N kò ní sọ èyí tó kù.

Ọdún kọkànlá rèé. Mo ti lọ, mo ti bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn kọjá iye tí mo lè kà, irú rẹ̀ kò sì tún ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́. Kì í ṣe pé inú mi ti gbádùn o. Ó ṣì ń lọ́. Ohun tó yí padà ni pé mo ti ń mọ ibi tí màá sá sí kí n tó kúrò nílé, mo sì ti kọ́ láti tètè sọ̀rọ̀. Ìdajì ìjà yìí, ìbẹ̀rù ni. Bí ìbẹ̀rù bá ti dín kù, inú gan-an á rọlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń bá jà

Orúkọ tí dókítà pe tèmi ni IBS (irritable bowel syndrome), ìyẹn àìsàn ìfun tó ń tètè bínú. Bí wọ́n bá yẹ ìfun irú wa wò, wọn kì í rí egbò, wọn kì í rí kókó. Ṣùgbọ́n iṣan ara ìfun náà ń sún kì ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti inú lọ sí ọpọlọ sì ń pariwo lórí ohun tí ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní mọ̀ lára. Ìdí nìyẹn tí àìsùn, ìkánjú àti ẹ̀rù fi ń ru ú sókè. Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé láti 2016, tí wọ́n ń pè ní Rome IV, ni pé kí inú máa run ènìyàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, fún oṣù mẹ́ta, kí méjì nínú mẹ́ta yìí sì bá a rìn: kí ìrora náà ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìgbọ̀nsẹ̀, kí iye ìgbà tí èèyàn ń yàgbẹ́ yí padà, kí bí ìgbẹ́ náà ṣe rí yí padà. Kí gbogbo rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ẹ ń rù láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ rù, tí ibà ń bá a rìn, tí inú rírun ń jí yín lóru, tí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa ìtọ́sọ́nà yìí tì ná, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Ní ilẹ̀ wa, gbogbo ẹni tí ẹ bá sọ fún ni yóò sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìyá mi gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ agbo jẹ̀díjẹ̀dí, ṣíṣu ló ń mú ni ṣu, èyí tí wọ́n ń pọn fún ni ní páàkì sì sábà máa ń ní ọtí nínú. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ń sáré tẹ́lẹ̀, tó tún wá fi agbo lé e, kí ló ń wá? Flagyl náà kò ràn án: kòkòrò ni Flagyl ń pa, kò mọ nǹkan kan nípa iṣan tó ń sún kì.

Ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ìwé pélébé

Kí ẹ tó gbìyànjú ìrìnàjò gígùn kankan, ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ohun tí ẹ jẹ àti aago tí ẹ jẹ ẹ́, aago tí inú lọ́, bí ìgbẹ́ náà ṣe rí, àti ohun tó wà lọ́kàn yín lọ́jọ́ náà. Ẹ má fo ti ìkẹyìn yìí.

Èmi rò pé àmàlà ló ń bá mi jà. Ìwé náà fi hàn mí pé àmàlà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Gbẹ̀gìrì tó wà lórí rẹ̀ ni. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹ fojú inú wo bí ó ṣe dùn mí tó. Ó tún fi hàn mí pé ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo bá ní ìrìnàjò, inú mi ti ń lọ́ kí n tó jẹ ohunkóhun rárá. Bọ́ọ̀sì tí n kò tíì wọ̀ ló ń lọ́ ọ.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Monash ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ti kó àwọn èròjà tó ń dá irú wa láàmú jọ sábẹ́ orúkọ kan, FODMAP. Irú ṣúgà kan ni wọ́n, tí ìfun kékeré kì í fà mu tán. Bí wọ́n bá dé ìfun ńlá, wọ́n á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò tó ń gbé níbẹ̀ á sì sọ wọ́n di afẹ́fẹ́, inú á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Ẹ̀wà àti gbogbo ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì. Àlùbọ́sà, aáyù, búrẹ́dì àti máńgòrò wà níbẹ̀. Mílíìkì ńkọ́? Púpọ̀ jù lọ nínú àwa Yorùbá tó ti dàgbà, ara wa kì í lè da ṣúgà inú rẹ̀. Ṣíngọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà náà máa ń ní sorbitol, tó wà lára ẹbí yìí. N kò ní kí ẹ jáwọ́ nínú gbogbo rẹ̀ o. Ẹ ó kàn fi oúnjẹ gidi du ara yín ni. Ẹ kàn mọ èyí tó jẹ́ ti yín, kí ẹ sì yẹra fún un láti ọjọ́ kan ṣáájú ìrìnàjò títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ń lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò

Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni ká febi pa ara wa láti alẹ́ àná, ká má jẹ, ká má mu, ká wá wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tó bá di Ṣágámù, ebi á pa wá, a ó ra gàlà àti kóòkì tútù, inú á dá sílẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti balẹ̀ sínú ikùn, ìfun ńlá á gbọ́ pé àlejò tuntun dé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti èyí tó wà nílẹ̀ síta. Ara gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àárọ̀ ló sì máa ń lágbára jù. Tiwa ló kàn ń pariwo. Oúnjẹ tó pọ̀, tó lọ́ràá, tó sì ta, á tún fẹ́ iná mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ nílé. Bí ẹ ó bá kúrò nílé ní aago méje, ẹ jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ mu omi gbígbóná. Ẹ jẹ nǹkan díẹ̀: ìrẹsì funfun pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ta, tàbí iṣu sísè, tàbí ẹyin sísè méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀ láìkánjú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ̀n yín. Kọfí àti ọtí amúnilágbára inú agolo, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lójú ọ̀nà, ẹ máa mu omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀.

Aṣọ: mo ti fimú danrin lórí èyí. Níbi ìgbéyàwó kan ní Abẹ́òkúta ni, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, mo sì ta okùn ṣòkòtò náà ní kókó tó le dáadáa kó má baà já bọ́ lójú agbo ijó. Ìgbà tí inú lọ́, mo sáré délé ìgbọ̀nsẹ̀, mo bá a lófo, mo tilẹ̀kùn, kókó kọ̀ kò tú! Eyín ni mo fi já a. Láti ọjọ́ náà, rọ́bà ni gbogbo ṣòkòtò mi. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má fi ọ̀já di ìdí pinpin lọ́jọ́ òde, aṣọ tó fún ikùn pọ̀ máa ń dá kún ìrora. Bí ẹ bá sì dé òde, kí ẹ tó kí ìyàwó, ẹ ti béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, kí ẹ lọ fojú rí i.

Àpò

Tíṣù kan, tíṣù olómi kan, ike omi kan tí ẹ kò ní mu nínú rẹ̀, ọṣẹ kékeré, pátá kan, ṣòkòtò dúdú kan, láílọ́ọ̀nù méjì tó ṣeé so lẹ́nu. Owó wẹ́wẹ́, ₦100 àti ₦200, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ páàkì kì í ní ṣéńjì. Oògùn. Fóònù tó ti gba iná kún.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í rò ni ìró ańkárá kan, ọ̀pá méjì, aláwọ̀ dúdú tàbí tó kún fún bátànì. Bí ó bá di pé inú igbó ni, ẹ lè ró o kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ṣòkòtò nínú ọkọ̀, òun ni ìkélé. Bí nǹkan bá sì ti ṣẹlẹ̀, òun lẹ ó ró wọlé, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ọkùnrin ni mí, ó wà nínú àpò mi ní gbogbo ìgbà.

Ní ti oògùn, ẹ bá dókítà tàbí apòògùn sọ̀rọ̀ ná. Mebeverine ń mú iṣan ìfun rọ̀. Wọ́n sábà máa ń lò ó ní bí ogún ìṣẹ́jú kí èèyàn tó jẹun. Hyoscine butylbromide, tí púpọ̀ mọ̀ sí Buscopan, wà fún inú tó ń lọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní glaucoma (àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú), tàbí ọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í tètè jáde nítorí prostate (ẹṣẹ́ abẹ́ àpò ìtọ̀) tó wú, kò gbọdọ̀ dédé lò ó. Ó sì lè sọ ojú di bàìbàì, nítorí náà ẹ má fi wa ọkọ̀. Loperamide ń fà sẹ́yìn fún ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ má lò ó bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí bí ibà bá wà, ẹ má sì kọjá iye tí wọ́n kọ sára páálí: àlòjù rẹ̀ ń da ìlù ọkàn rú. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ilé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ọ̀nà àti ìjókòó

Ẹ ya ọ̀nà yín sí wẹ́wẹ́. Láti Lagos sí Ìbàdàn, èmi kì í ronú ìrìnàjò wákàtí méjì tàbí mẹ́ta mọ́. Berger sí Ìbàfò ni mò ń rò. Lẹ́yìn náà Ìbàfò sí Mòwé, Mòwé sí Ṣágámù, Ṣágámù sí Ògèrè, Ògèrè sí Toll Gate Ìbàdàn. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo mọ ilé epo tàbí ilé oúnjẹ kan tí mo lè sọ̀ sí. Lọ́kàn tèmi, ibi tó kàn kì í jìnnà jù. Ẹ má gbàgbé mọ́ṣáláṣí ẹ̀bá ọ̀nà: omi àlùwàlá kì í wọ́n níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti lé mi rí. Ẹ kàn bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ń bọ́ ọ, kí ẹ sì kí wọn.

Ìjókòó tó dára jù nínú bọ́ọ̀sì ni ti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà tàbí ti ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ tètè dé páàkì kí ẹ lè yàn. Bí ẹ bá bá a tí bọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ dúró de èyí tó kàn.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́ràn jù. Èyí tó ń lọ láti Alágoméjì sí Mọ́níyà, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, ìrìn kìlómítà 157 ni, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, inú mi kò lọ́ rárá. N kò lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀hún, mo kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni.

Tí ó bá wá dé

Ìgbì ni inú lílọ́ yìí. Á ru, á dé góńgó, á sì rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ni kí ẹ dúró jẹ́ẹ́ nígbà tó bá ru, kí ẹ wá rìn nígbà tó bá rọlẹ̀. Ẹni tó bá fò dìde, tó sáré lórí góńgó, òun ló máa ń tú sójú ọ̀nà.

1. Ẹ tú bẹ́líìtì ṣòkòtò tàbí bọ́tìnnì òkè. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ gbé àpò lé itan, kí ìgbọ̀nwọ́ wà lórí àpò.

2. Ẹ fún ihò ìdí pọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ mú un dání, ẹ ka dé ẹẹ́wàá, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ tún mú un. Ẹ má fi gbogbo ara le koko. Ìdí nìkan ni. Èjìká àti eyín kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

3. Ẹ fi ọwọ́ kan lé abẹ́ ìdodo. Ẹ fa èémí gba imú títí ọwọ́ náà á fi gbéra, ẹ ka dé ẹẹ́rin. Ẹ tú u jáde lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ka dé ẹẹ́fà. Ìgbà mẹ́wàá. Èémí tó ń pẹ́ jáde ju bó ṣe wọlé lọ ń sọ fún ara pé kò séwu, ìfun náà á sì gbọ́.

4. Ní kété tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ sọ̀rọ̀. Kí ó tó le o! Ohun tí èmi ń sọ rèé: “Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, ẹ jọ̀wọ́, inú ń run mí. Kò tíì le, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ilé epo níwájú, ẹ bá mi dúró ìṣẹ́jú márùn-ún.” Ọ̀rọ̀ “kò tíì le” yẹn, òun ló ń fún dírẹ́bà láyè láti wá ibi tó dára. Bí ẹ bá dúró títí ó fi le, ibi tí ó bá rí ló máa já yín sí.

5. Ẹ má rò pé àwọn èrò ọkọ̀ á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan tí dírẹ́bà fẹ́ kùn, ìyá àgbà kan ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: “Ìwọ náà, ṣé o kì í ṣu ni? Dúró fún ọmọ ọlọ́mọ!” Ó dúró.

6. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé epo. Ẹ kí ẹni tó sún mọ́ yín jù. “Màámi, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀wọ́, inú ló ń yọ mí lẹ́nu, níbo ni mo ti lè gbọnsẹ̀?” Ìkíni yẹn ń ṣílẹ̀kùn ju owó lọ.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ìró ańkárá, omi, tíṣù olómi, ṣòkòtò dúdú, láílọ́ọ̀nù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má tọrọ àforíjì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Fún ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Ní Bìrìtéènì, kọ́kọ́rọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní RADAR key, láti 1981, tó ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn abirùn tí wọ́n tì pa káàkiri ìlú, àwa onínú rírun náà sì lè lò ó. Káàdì kékeré tó ń sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé àìsàn yín kò ní sùúrù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Illinois ṣe òfin kan ní 2005, Ally's Law, tó fi dandan lé e pé kí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ kí ẹni tó ní irú àìsàn yìí lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òṣìṣẹ́ wọn bí kò bá sí ti gbogbo ènìyàn nítòsí. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Ẹ wo ti ibi tí ẹ ń gbé. Nínú bàálù, ìjókòó tó kọjú sí ọ̀nà àárín ni kí ẹ mú, kí ẹ sì má mu ohun mímu tó ń hó kí ẹ tó gòkè, nítorí afẹ́fẹ́ inú ikùn máa ń fẹ̀ sí i lókè.

Lẹ́yìn ìjà

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti mú yín lọ́pọ̀ ìgbà, omi ara ti lọ. Bí ẹ kò bá ní ORS (iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti dá omi ara padà), ẹ po líítà kan omi tó mọ́ pẹ̀lú ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ẹ gé orí ṣíbí náà dọ́gba, kí ẹ sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ike omi gbígbóná tí ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé, tí ẹ gbé lé ikùn, máa ń tù mí lára ju oògùn lọ nígbà mìíràn.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ kọ ibi tuntun tí ẹ rí sínú fóònù: ibi tó wà, bóyá omi wà, ẹni tí èèyàn á kí. Èyí tó kẹ́yìn nínú tèmi rèé: “Ilé epo tó wà lẹ́yìn Ògèrè, apá ọ̀tún bí a bá ń lọ sí Ìbàdàn. Omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Ilẹ̀kùn kò ṣeé tì láti inú, kí n fi ẹsẹ̀ dì í mú. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́sàn.”